Ọkọ Mi Tí Kì í Yin Ilé

Bí mo bá ń bá Làtíìfù ọkọ mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò. Bí àlejò bá wà níjòókòó, "wọ́n" ni mo máa ń pè é, n ó sì fa ohùn sí i dáadáa kí àlejò lè mọ̀ pé ilé tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n èmi Àmínát ni mo ń sọ ìtàn yìí, òun sì ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. "Ó" ni mo máa lò. Ẹni tí inú bá bí, kó lọ fẹjọ́ mi sùn ún.

Gbogbo Peckham, àdúgbò wa nílùú òyìnbó níbí, ló mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe nítorí pé ó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pọ̀ níbí ju ẹyẹlé lọ. Ilé wíwò ló sọ ọ́ di èèyàn ńlá. Bí ọmọ Yorùbá kan bá fẹ́ ra ilé láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Catford, Bàbá Hameedah ni yóò kọ́kọ́ wá mú. Ọkọ mi á de fìlà, á mú ife oníke kan lọ́wọ́, á sì tẹ̀ lé e.

Omi ló máa ń bù sínú ife náà. Á gbé e kalẹ̀ sí àárín pálọ̀, á tẹjú mọ́ ọn bóyá omi náà dọ́gba, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ilé náà tẹ́jú. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé rárá, ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó ní ojú ilé lè purọ́, ẹ̀yìn ilé kì í purọ́. Á ṣí ìdérí garawa ìdọ̀tí, á fimú gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, á fa omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á dúró tẹ́tí sí i títí omi yóò fi lọ tán. Ìgbà náà ni yóò wá dá ẹjọ́, ẹjọ́ kan náà ló sì máa ń dá láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n: "Èyí kì í ṣe ilé."

Ẹ bi Olúbùnmi tó ń gbé ní àjà tó wà nísàlẹ̀ wa. Ó mú ọkọ mi lọ wo ilé kan ní Nunhead, ọkọ mi ní ògiri rẹ̀ ń làágùn. Ó mú un lọ sí Brockley, ó ní ọkọ̀ ojú irin súnmọ́ ọn jù, pé ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ọkọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lọ sí Catford, ó ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, pé bí ẹnìkan bá kú lókè, ojú fèrèsé ni wọn yóò gbà gbé e jáde. Olúbùnmi ṣì ń gba ilé gbé títí di òní. Bó bá pàdé ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n àárín eyín ni ìkíni náà ti ń jáde.

Ẹ ó ti máa bèèrè irú ilé tí adájọ́ ilé fúnra rẹ̀ ń gbé. Fúláàtì káńsù ni, tí ìjọba ìbílẹ̀ fi háyà fún wa, àjà kẹta, a sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Hameedah ọmọ wa wà lọ́mọ ọwọ́. Kò yẹ ibẹ̀ wò rí. Kò bu omi sínú ife nítorí rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí a kó dé ló ti sọ fún mi pé àlejò ni wá, pé ọdún díẹ̀ la fẹ́ lò, ká padà sí Ìwó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Bí fèrèsé bá ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, á ní, "Ilé káńsù ni." Bí ilẹ̀kùn ò bá tì, á ní, "Ṣé o fẹ́ gbé e lọ sí Ìwó ni?" Ọgbọ̀n ọdún ó lé, kò pe káńsù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n wá tún nǹkan kan ṣe. Àwòrán ọjọ́ tí Hameedah gboyè ní yunifásítì wà lẹ́yìn àga ní pálọ̀, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí olùkọ́ ń jẹ níyà.

Ilé wà ní Ìwó lóòótọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Òógùn ojú rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, àti òógùn ojú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi kì í bọ́ sí i lẹ́nu bó bá ń ròyìn rẹ̀. Yàrá tó ní inú rẹ̀ ni n ó máa sùn, adìyẹ ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀. Mo rí wọn nínú fídíò. Ara wọn ń dán.

Hameedah nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Nígbà tó ní òun ń lọ sí Japan láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan péré ló dá fún wa. Ó jọ pé ọdún àwọn ará Japan gùn ju tiwa lọ, nítorí ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọdún kan yẹn ò tíì pé. Ní ìgbà ooru tó kọjá ló pè wá lórí fóònù, tó ní òun ti rí fúláàtì kan tí òun fẹ́ rà ní Chiba, ìlú kan tó wà lẹ́bàá Tokyo. Ilé alájà mẹ́jọ ni, àjà kẹrin ni tirẹ̀ wà. Ọdún 1979 ni wọ́n kọ́ ọ.

"Nineteen seventy-nine?" ni ọkọ mi pariwo. "Hameedah, ilé yẹn dàgbà jù ẹ́ lọ! O máa máa kúnlẹ̀ kí i ni?"

"Daddy, ìdí tí apá mi fi ká a nìyẹn," ni ó dáhùn. "Àwọn people níbí, ilé tuntun ni wọ́n like. Tí ilé bá ti old, price ẹ̀ á wálẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ máa gbé inú ẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kan tí mo move, mo lè fi rent out. But ẹ bá mi wò ó first. They're only holding it till Monday. Tí ẹ bá ní kì í ṣe ilé, mi ò ní rà á. Wallahi."

Ọkọ mi ní ó dáa, kó fi fídíò pè wá ní Sátidé. Ó gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì wọ kíṣìnì, ibi tí kì í dé bí kò bá sí ebi. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró ti síńkì, ó ní, "Ibi téèyàn bá fẹ́ gbó sí léèyàn ń ra ilé sí. Tó bá rà á, ọmọ yẹn ò bọ̀ mọ́." Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀. Ó dun èmi náà. Ó dùn mí wọ egungun, nítorí mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kò bọ̀, mo kàn ń bá bàbá rẹ̀ ka ọdún ni.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?" ni mo bi í.

"Kò sí ilé tí kò ní àbùkù," ni ó wí. "Tí tibẹ̀ ò bá ní, màá bá a wá ọ̀kan."

Àárọ̀ Sátidé tiwa, ìrọ̀lẹ́ tiwọn, ni Hameedah pè. Ọkọ mi ti wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó de fìlà, ó sì bu omi sínú ife síwájú ara rẹ̀. Mo ní kí ni ife fẹ́ ṣe nígbà tó jẹ́ Japan ni ilé wà. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Mo gbé fóònù náà ti ìkòkò òdòdó lórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè máa ríran.

Hameedah dúró níwájú ilé gíga kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì tí wọ́n bu mílíìkì púpọ̀ sí. Ọkùnrin tó ń bá wọn ta ilé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù dúdú, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

"Daddy, agent náà ní kí n kí yín."

"Where is the bin?" ni ọkọ mi dá a lóhùn.

Wọ́n mú wa lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ju ilẹ̀ kíṣìnì mi lọ, inú sì bí mi. Ìgò wà lọ́tọ̀, bébà wà lọ́tọ̀, wọ́n fi àwọ̀n bo ìyókù kí kannakánná má baà tú u. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Hameedah ní àwọn tó mọ̀ nípa ilé níbẹ̀ sọ fún òun pé kí òun wo ibẹ̀ dáadáa, pé ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá àwọn tó ni ilé ń bójú tó o. Ọkọ mi yí ojú sí mi, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Wọ́n ti gbá a dè wá ni."

Ó gbé ìbéèrè tó le dìde. "Hameedah, ilẹ̀ máa ń mì níbẹ̀ yẹn. Arúgbó ilé yìí ò ní wó lé ẹ lórí?"

"That's the main thing, Daddy," ni ọmọ náà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Nineteen eighty-one ni wọ́n change òfin, pé ilé gbọ́dọ̀ strong jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ti wà kó tó di ìgbà yẹn. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sùn nínú wọn. But àwọn tó ni eléyìí pe engineer fúnra wọn, ó test ẹ̀, ó ní kò strong tó, wọ́n wá fi irin dì í. Ẹ wò ó." Ó gbé fóònù sókè. Irin ńláńlá wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé náà, wọ́n gbé wọn lé ara wọn ní àgbélébùú, bí ìgbà tí oníṣẹ́ egungun bá di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá àgbàlagbà kan fi jáde tòun ti ìgbálẹ̀. Hameedah ní Ìyá Ogata nìyẹn, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà ni wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, àwọn sì ni alága ìpàdé àwọn tó ni fúláàtì. Ó sọ fún wọn ní èdè wọn pé àwọn òbí òun ló wà nínú fóònù. Ìyá náà gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, wọ́n sì tẹríba fún wa títí irun funfun orí wọn fi kún ojú fóònù.

Ọkọ mi fò dìde. Ọmọ Ìwó ni. Obìnrin tó lè bí i kò gbọdọ̀ tẹríba fún un kí òun jókòó. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, fìlà rẹ̀ sì yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ohun tí kò rò ni pé orí tábìlì ni fóònù wà, àga òfìfo nìkan ni wọ́n ń rí lọ́hùn-ún.

"Daddy dà?" ni Hameedah bèèrè.

"Wọ́n ń kí Mama ni," ni mo wí. "Wọ́n wà nílẹ̀."

Hameedah túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ogata tún tẹríba, ó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi tó ti ń dìde rí i, ló bá tún lọ sílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tó fẹ́ di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo di bùbá rẹ̀ mú, mo ní kó jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ ilé kí a tó sin ín.

Ó jókòó, ó mí hẹlẹ, ó ní, "Hameedah, bá mi bi Mama: kí ló burú nínú ilé yìí?" Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn rí. Ní Peckham níbí, bí òrùlé bá ti jábọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ta ilé á ní atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa. Ojú ọkùnrin oníkóòtù náà rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Ogata ká ìka wọn kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, Hameedah sì ń túmọ̀. Wọ́n ní páìpù omi ti di tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti gbó, ó ń kérora. Wọ́n ní òrùlé máa tó béèrè àtúnṣe, owó tí gbogbo wọn ń dá sílẹ̀ lóṣooṣù fún irú ẹ̀ ò sì tíì tó, kí Hameedah má sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun. Wọ́n ní fúláàtì náà tutù ní ìgbà òtútù. Wọ́n ní ọkùnrin tó wà lókè rẹ̀ ń kọ́ fèrè fífun láti ọdún mẹ́ta, kò sì tíì mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n tún sọ nǹkan kan," ni Hameedah wí. "Wọ́n ní ilé tó gbó ò burú. Ilé tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ kì í pàdé ló burú."

Ọkọ mi wo ife omi rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn, ti ẹni tí ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò ni. Ilé náà dára, ó sì mọ̀ pé ó dára.

Wọ́n gòkè lọ sínú fúláàtì. Yàrá méjì, pálọ̀ kékeré kan, ilẹ̀ tó ń dán. Hameedah fa omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọkọ mi gbé etí mọ́ fóònù. Omi lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ó ní kó tún un fà. Omi tún lọ. Lójijì, ó jókòó dáadáa, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Hameedah, apá ibo ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ náà nawọ́ sí iwájú, gan-an ibi tí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà kọjú sí.

Ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Hẹn-ẹ́n! Gábàsì! Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yẹn, Kaaba ló kọjú sí! A ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Hameedah, ó mà ṣe o, èyí kì í ṣe ilé!"

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Láti kékeré rẹ̀ ní Ìwó, apá ibi tí oòrùn ti ń yọ ló ń kọjú sí kírun. Nígbà tí a dé Peckham, apá ibẹ̀ náà ni, ọ̀nà Nunhead, kí o tó kan Catford. Kò sí ibi tó gbé rí tí oòrùn àti gábàsì ti jà. Òun rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe tò ó fún gbogbo ayé.

Hameedah fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Daddy. Peckham lẹ wà o. Níbí, Mecca wà lẹ́yìn wa. Ibi tí oòrùn ń wọ̀ la ń kọjú sí kírun."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin yìí ti di gábàsì Peckham sínú ẹrù, ó gbé e lọ sí Japan láìsanwó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pe Làtíìfù ní ẹni tó ń tètè túúbá. "Ìyẹn ni pé ó kẹ̀yìn sí i!" ni ó wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni!"

"Mo ti bi imam wa níbí. He said tó bá ti wà nínú ilé tó ní wall, kò sí wàhálà." Ohùn ọmọ náà yí padà. "Daddy, kí lẹ fẹ́ gan-an? Tell me."

"Mo fẹ́ kí o padà wálé," ni ọkọ mi wí. Ó ti bọ́ sílẹ̀ kó tó rí i gbà mú.

"Ilé wo?"

Ó fọwọ́ kan ife omi rẹ̀.

"Daddy, ilé wo? Láti small mi lẹ ti ń sọ pé Peckham kì í ṣe ilé wa. Ẹ ò jẹ́ kí n lẹ poster kankan mọ́ wall. Ẹ ní Ìwó ni ilé. Mo lọ sí Ìwó, adìyẹ ni mo bá níbẹ̀. So èwo ni kí n padà sí? Mi ò bínú o. I just want somewhere tí mo lè kan ìṣó mọ́ ògiri."

Ọkùnrin oníkóòtù náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀. Èmi náà ń wo ẹ̀yìn àga, níbi tí àwòrán ọmọ mi kọjú sí ògiri. Ojú tì mí.

Ọkọ mi sún mọ́ fóònù. "Ìyá yẹn, fúláàtì wọn jìnnà sí tìẹ?"

"Rárá, àjà kan náà ni."

"Rà á," ni ó wí. "Ilé ni." Ó gbé ife omi tó wà níwájú rẹ̀, ó mu ún tán. "Kí o bá mi kí Mama. Kí o máa bá wọn gbálẹ̀, ṣé o gbọ́? Má jẹ́ kí wọ́n máa dá a gbá."

Nígbà tí fóònù kú, mo sunkún díẹ̀, òun náà lọ wá fìlà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lè jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi, Ọlọ́run ló dá a.

"Bàbá Hameedah, tiwa ńkọ́?"

"Tiwa kí ni?"

"Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa. Ibo ló kọjú sí?"

Ó wò mí. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń gòkè bọ̀. Ó dìde, ó wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn, mi ò sì gbọ́ ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni kò fa omi. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Catford," ni ó wí.

Gábàsì gan-an! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Gbogbo ilé tí Peckham ń rà, ọkọ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ń sùn nínú rẹ̀, kò wò ó rí. Mo rán an létí ohun tí imam Hameedah sọ, pé nínú ilé tó ní ògiri, kò sí wàhálà. Ó ní ti Hameedah lè wà bẹ́ẹ̀, tòun kò ní wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó pe káńsù. Wọ́n fi orin sí i létí fún ìgbà pípẹ́, kò pa á, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ìlù orin náà. Nígbà tí obìnrin kan dáhùn, ọkọ mi sọ fún un pé òun fẹ́ kí wọ́n wá yí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé òun padà. Ilé òun. Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé àlùbọ́sà kalẹ̀. Obìnrin náà ní kí ló ṣe é. Ó ní kò kọjú síbi tó yẹ. Obìnrin náà ní láti ìgbà wo. Ó ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òun ò rí i pé ẹnikẹ́ni pè láti ilé yẹn rí, pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè.

Ọkọ mi wo ògiri yíká, gbogbo ògiri tí kò ní ìṣó kan ṣoṣo lára.

"Ẹ má bínú," ni ó wí fún un, "a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni."